Ìtàn abúlé kòkó tí mo fẹ́ tẹ̀ jáde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atẹ̀wé North Gate (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá North Gate FUTA. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ próójẹ́ẹ̀tì, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo ń di ìwé. Bí iná bá wà tí oníbàárà ò sì sí, mo máa ń ṣí fáìlì tèmi. Ìtàn kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn dá lórí abúlé kòkó kan lẹ́yìn ìlú Oǹdó tí wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ kó wọn pọ̀ sínú ìwé kan. Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìgbìrà ni bàbá mi àti màmá mi. Òkèné ni wọ́n ti wá, nígbà tí Òkèné ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Iṣẹ́ alágbàro ni bàbá mi bá wá, ó ń kọ ebè, ó ń ro oko kòkó olóko. Nígbà tó yá, onílẹ̀ kan fa oko kòkó kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa bójú tó o, kí wọ́n máa pín in sọ́nà mẹ́ta: ìdá méjì fún onílẹ̀, ìdá kan fún bàbá mi. Etí oko tó ṣẹ́kù, ó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àlejò ń fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, lórí ìyẹn. Abúlé yẹn ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Yorùbá Oǹdó la fi ń ṣeré, òun náà la fi ń bú ara wa. Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fojú kan Òkèné, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, nítorí bí mo ṣe ń fi ahọ́n Yorùbá sọ èdè ilé wa.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan nítòsí ibi tí wọ́n bí mi sí. Akọ̀wé ibẹ̀ wo orúkọ bàbá mi, ó ní kí n lọ gbà á ní Kogí. Mo lọ. Àwọn tọ̀hún bi mí pé agboolé wo la ti jáde nínú Òkèné. Mi ò lè dáhùn.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan wà tí mo máa ń bá jókòó. Mo ka èyí tó gùn jù nínú àwọn ìtàn náà fún wọn. Bàbá àgbàlagbà kan yìn mí, ó ní Yorùbá mi jinlẹ̀. Ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n má pè é ní ìtàn Oǹdó o. Ìtàn àlejò ni. Àjò kì í dùn kónílé má relé." Mo fẹ́ bi í pé ilé wo, mo gbé e mì. Ẹlòmíràn ní kí n sọ bàbá inú ìtàn di ọmọ Ọ̀yọ́, ìwé á tà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún ka apá kan fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí fóònù. Òun náà ní ó dára, ó wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi èdè baba mi kọ ọ́. Èdè baba mi tí mi ò lè fi kọ lẹ́tà ojú ewé kan!

Mi ò wá tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Mo ti kọ ìwé tán. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bí mo ṣe máa tún un ṣe. Ṣé kí n dárúkọ abúlé yẹn bó ṣe ń jẹ́ gan-an? Bàbá mi ń bá màmá mi sọ Ìgbìrà nínú ilé. Tó bá dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀, Yorùbá tó ń kọsẹ̀ ni. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí kò fi ní jọ aláwàdà? Nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí Yorùbá rẹ̀ bá ti wọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pa. Bàbá mi kì í ṣe ẹni ẹ̀rín.

Èyí tó le jù ni ti igi. Bàbá mi gbin ọsàn kan sẹ́yìn ilé ìdáná wa. Ọdún tí ọsàn náà kọ́kọ́ so ni onílẹ̀ ní kí wọ́n gé e, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sì fi àdá rẹ̀ gé e. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Òun ni ìtàn tó gùn jù yẹn. Onílẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Ṣé kí n fi sílẹ̀ bí mo ṣe rí i?

---

Tíṣà Àgbà (Oǹdó)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, Yorùbá àti ìtàn ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ nílùú yìí, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bí mi nínú.

Bàbá tó ní ìtàn àlejò ni yẹn, ṣé ó mọ ìtàn Oǹdó ṣá? Ọmọ ààfin ni Pupupu, obìnrin tí ìtàn sọ pé òun ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó. Ìbejì ni, láyé tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, wọ́n sì ní kí ìyá wọn kó wọn jáde. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibí yìí, wọ́n sì bá àwọn ará Ìdókò, Ìfọ̀rẹ̀ àti Ọ̀ka lórí ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò, ẹ máa rántí pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn làwọn tiwa náà kọ́kọ́ wọ̀ sí.

Tàbí ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ìwé kíkọ tí o ń bi wá. Òkè-Igbó ni wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí ní 1903. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sí Òkè-Igbó, ará Ifẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Jagunjagun ọmọ Ifẹ̀ kan, Dérìn Ológbẹ̀nlá, ló jẹ́ olórí wọn. Wọ́n yàn án ní Ọọ̀ni, Òkè-Igbó ló ṣì jókòó sí. Láti ìlú àwọn tó sá àsálà yẹn ni Fágúnwà ti jáde tó fi gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938. Bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: akọ̀wé kan jókòó jẹ́ẹ́, àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ ọ́, ó ní kó mú kálàmù àti ìwé kó máa kọ ohun tí ojú òun rí nínú igbó. Akọ̀wé yẹn kò bá a dé igbó kankan. Ìwọ, inú igbó tìrẹ ni wọ́n bí ọ sí.

Ní ti orúkọ abúlé, fi í pamọ́. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rù. Abúlé kòkó kì í ju agboolé mélòó kan lọ, tí o bá ti dárúkọ rẹ̀, o ti dárúkọ onílẹ̀ nìyẹn. Dárúkọ Oǹdó, dárúkọ ọjà tí ẹ ń ná, dárúkọ odò tí ẹ ń kọjá. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Má yí bàbá rẹ padà di ọmọ Ọ̀yọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ni ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń kọ ebè gìrìwò bí a ṣe mọ àwọn Ìgbìrà mọ́ ọn? Ojú ìwé kejì ni òǹkàwé tó gbọ́n á ti rí i pé irọ́ ni.

Kí o sì rí i dájú pé àmì ohùn pé sórí gbogbo rẹ̀. Atẹ̀wé ni ọ́, kò sí àwáwí.

---

Ọmọ Òkè-Ìjẹ̀bú (Àkúrẹ́)

Àǹtí mi, ẹ kú akitiyan. Pátì mọ́tò ni mò ń tà, ìwé kíkà sì ni mo fi ń pa ọjọ́ tí ọjà ò bá yá. Àwọn òbí mi, ará Ímò ni wọ́n. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀nà Arákalẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ lè wá ronú ohun tó ṣe mí nígbà tí mo ka ìwé Chigozie Obioma, *The Fishermen*, tó jáde ní 2015. Ọmọ Ìgbò ni òun náà, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1986. Ìdílé Ìgbò kan ní Àkúrẹ́ ló kọ nípa rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ilé náà ń yọ́ lọ pẹja nínú odò Àlà tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má dé. Ìwé yẹn wọ àwọn mẹ́fà tó kù fún ẹ̀bùn Booker lọ́dún náà. Láàárín ara wọn, Yorùbá ni àwọn ọmọ yẹn ń sọ, Ìgbò ni ti bàbá àti ìyá. Bí wọ́n ṣe ń gbé ilé wa gan-an nìyẹn! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé irú ilé wa lè wọnú ìwé.

(Ẹ lọ wo Àlà lónìí ṣá o. Pàǹtírí ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pẹja nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ kó ọ̀rá pyọ́ wọ́tà kúrò.)

Nítorí náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Tíṣà, mi ò fara mọ́ fífi orúkọ pamọ́. Obioma dárúkọ odò, ó dárúkọ ìlú. Ìdí nìyẹn tó fi mú mi lára. Bí ó bá ti pè é ní "odò kan ní ìlú kan", n bá ti pa ìwé dé.

Ohun kan tó sì dùn mọ́ mi nínú tiyín: Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi kọ ọ́. Ẹ̀yin fi Yorùbá kọ. Màmá mi tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo lè ka tiyín fún un.

---

Dáódù (Oǹdó)

Ẹ máa bínú sí mi o, nítorí gbogbo yín ti ń pàtẹ́wọ́, èmi sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀.

Bàbá mi ní oko kòkó. Ó ní alágbàro, ó ní àwọn tó ń pín in sọ́nà mẹ́ta, Ìgbìrà wà níbẹ̀, Àgátú wà níbẹ̀. Mo mọ àga tí wọ́n máa ń gbé jáde fún un, mo sì mọ bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá padà délé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lódì kejì ò rí.

Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó tí onílẹ̀ fi ń là. Iṣu díẹ̀ ni, epo ni, nígbà mìíràn adìẹ. Ohun tí bàbá mi ń gbà gan-an ni pé kí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ máa jẹ́wọ́ lọ́dọọdún pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Iṣu kì í bí ẹnikẹ́ni nínú, ọdún kan ni iṣu. Ẹ̀gẹ́ náà ò dúró pẹ́. Igi ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbin kòkó, tàbí obì, tàbí ọ̀pẹ, ó ti ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ bi lọ́yà. Ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ti 1976 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí tó bá di pé ta ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìdílé wà lára ohun tí adájọ́ ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kí èèyàn ti lo ilẹ̀ pẹ́ bí olówó rẹ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹ dé oko kẹ́ ẹ lọ sọ ìyẹn. Ìdílé tiwa lọ sí kóòtù nítorí igi obì tí àlejò kan gbìn nígbà ayé bàbá bàbá mi. Ẹni tó pe ẹjọ́ kú, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kú, àwọn ọmọ wọn ló parí rẹ̀. Bàbá mi ta ilé kan nílùú nítorí rẹ̀.

Torí náà, àǹtí, tí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá yín gbin igi sórí ilẹ̀ báyìí-báyìí, ìtàn lẹ pè é, ẹlòmíràn lè pè é ní ẹ̀rí. Ẹ yọ orúkọ abúlé kúrò.

Mi ò ní kí ẹ má kọ ọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá yín kò dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ tí onílẹ̀ kàn dà bí ẹni tó kórìíra ọsàn, ẹ ti ṣe é ní aláwàdà nìyẹn, irú èyí tí ẹ lẹ́ ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fi bàbá yín ṣe. Ọsàn tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Bàbá mi kì í dá sí ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé. Kí ló rí tó fi bínú?

---

Olójú Àtúnṣe (Àkúrẹ́)

Mo máa ń bá àwọn èèyàn tún ìwé wọn ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ ìtẹ̀wé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá yín ni mo mú.

Ẹ má ba Yorùbá rẹ̀ jẹ́ lórí ìwé. Ẹ má yọ àmì, ẹ má yí lẹ́tà padà kí òǹkàwé lè gbọ́ pé ó ń kólòlò. Ojú ìwé kan péré lèyí fi ń dùn, lẹ́yìn náà á wá máa sú èèyàn. Ẹ ronú sí i báyìí: nígbà tó ń bá màmá yín sọ̀rọ̀ ní Ìgbìrà, kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Á pa àṣamọ̀, á ṣàwàdà, á bínú, á sọ ọ̀rọ̀ tó gùn títí ọbẹ̀ á fi jinná. Ẹ kọ gbogbo ìyẹn ní Yorùbá tó gún régé, Yorùbá tó dára jù tẹ́ ẹ ní lápò. Tó bá wá dé iwájú onílẹ̀, ẹ gé gbólóhùn rẹ̀ kúrú. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Mo ti gbọ́." "Ó di ọ̀la." Yorùbá tó tọ́ ni o, ṣùgbọ́n kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Òǹkàwé á rí ohun tí ọkùnrin náà ń fi sílẹ̀ nílé tó bá ń jáde, ẹ ò sì ní í kọ gbólóhùn kan láti ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìgbìrà ńkọ́? Ẹ fi ìwọ̀nba sí i, orúkọ oúnjẹ, orúkọ aṣọ tí màmá yín ń hun bí ó bá ń hun, ohun tí wọ́n fi ń pè yín. Ẹ má ṣe àlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní Òkèné á rí i, á mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé òun.

Tí ẹ bá ti ṣe tán, National Library ni ẹ ti máa gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò kan gbowó lọ́wọ́ yín ní ìlọ́po láti bá yín gbà á. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn.

---

Atẹ̀wé North Gate (Àkúrẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Tíṣà, mo ti gbọ́ ti àmì ohùn, ẹ fọkàn balẹ̀ sà. Àbúrò mi Òkè-Ìjẹ̀bú, ẹ bá mi kí màmá. Olójú Àtúnṣe, mo ti ṣí fáìlì, mo ti ń gé ọ̀rọ̀ bàbá mi níwájú onílẹ̀, ó sì ti ń yàtọ̀. Nínú ilé ni iṣẹ́ wà báyìí. Mo ní láti lọ jókòó ti màmá mi kó sọ fún mi irú àwàdà tí bàbá ń ṣe, nítorí àwa ọmọ, Yorùbá la fi ń dá wọn lóhùn, a ò fetí sílẹ̀ tó.

Ẹ̀gbọ́n Dáódù, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ wo ibi tó kàn yín nínú ìtàn náà, mo dà á kọ síbí:

"Kòkó tí wọ́n fọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ṣì wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá ṣí ewé kan, ó ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ní kí èmi náà ti tèmi bọ̀ ọ́. Ó gbóná. Ó ń rùn bí ẹmu àná, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú kòtò tí eṣinṣin pé lé lórí. 'Ó di ọ̀túnla,' Bàbá wí. 'Tá a bá sá a lónìí, á korò lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́.' Bàbá ò mọ ohun tí òyìnbó ń fi kòkó ṣe, kò tọ́ ọ wò rí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó korò lẹ́nu wọn.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà onílẹ̀ fi dún. Ìyá sáré gbé àga tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jókòó lé jáde, ó fi ìdí ìró rẹ̀ nù ún. Onílẹ̀ ò jókòó. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà. Ó yí igi náà po. Ó já ọsàn kan, ó bó o, ó mu ún tán, ó tu kóró rẹ̀ sílẹ̀.

'Ó dùn,' ó ní. 'Gé e.'"

Ohun tí mo rí nìyẹn, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá wá bi mí ìdí tó fi bínú, ohun tí mo gbọ́ nígbà tí mo dàgbà ni pé lọ́dún yẹn, ẹnì kan nínú àwọn ará Òkèné tó wà ní abúlé kejì gbin kòkó tiẹ̀ láìsọ fún onílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti ọlọ́pàá. Onílẹ̀ wa wá ń yẹ gbogbo ẹ̀yìnkùlé wò. Mo yọ èyí kúrò nínú ìtàn nítorí mo rò pé ó máa dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín lórí ẹjọ́ obì ni mo wá ń rò ó pé ó yẹ kí n dá a padà. Kò dín ẹ̀ṣẹ̀ kankan kù. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà, tó tún mu ọsàn ọlọ́sàn kó tó ní kí wọ́n gé e, òun ni mo fẹ́ kọ.

Orúkọ abúlé, mo ti yọ ọ́. Oǹdó ò ní kúrò. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ló wà, bàbá ẹgbẹ́ òǹkàwé á rí i níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni bàbá yín ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ tó bá délé? Èyí ni mi ò lè mọ̀ láéláé láti ẹ̀yìn ilé ìdáná wa.

---

Dáódù (Oǹdó)

"Ó dùn. Gé e." Ẹ ò mọ̀ pé mo pa fóònù dé nígbà tí mo kà á. Bàbá mi lè sọ bẹ́ẹ̀.

Tó bá délé, kì í pè wọ́n lórúkọ. "Àwọn èèyàn wa lóko" ló máa ń wí. Tó bá ń yangàn níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, "èèyàn mi" ni wọ́n. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹjọ́, "àwọn wọ̀nyẹn". Ẹnì kan náà ni wọ́n o. Ìgbà tó ń ṣàìsàn tó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn gbé iṣu wá láti oko, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, bàbá sì ń sọ fún wa pé ká fún un ní ẹran. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò mọ orúkọ ẹni náà títí di òní. Èmi náà ò bi í.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Abúlé tí ẹ yọ orúkọ rẹ̀ yìí, ṣé ẹ̀yìn Ọ̀wẹnà ló wà?

---

Atẹ̀wé North Gate (Àkúrẹ́)

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ibòmíràn ni, kì í ṣe bàbá yín.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ obì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú un fún onílẹ̀ inú ìtàn tèmi? Mi ò ní dárúkọ ìdílé kankan. Tí ẹ bá gbà, ẹ sọ fún mi mọ́tò tó ń wọ̀ lọ sí kóòtù àti ohun tó ń mú dání jẹ.

---

Dáódù (Oǹdó)

Ẹ mú un. Bọ̀lẹ́kájà ló ń wọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, àárọ̀ kùtù ló ń jáde. Ẹ̀kọ tútù àti àkàrà tí màmá mi dì fún un ló máa ń mú dání. Kì í jẹ oúnjẹ olóúnjẹ lọ́jọ́ ẹjọ́, ó ní wọ́n lè fi nǹkan sí i. Fáìlì ẹjọ́ náà, inú àpò ìrẹsì ló máa ń kó o sí, ìdí rẹ̀ ló sì ń fi jókòó lé e títí wọ́n á fi dé.